Ẹni Tó Fẹ́ Pẹ́ ní Frankfurt

Kò sí ẹni tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú lọ́wọ́ mi tó ń fẹ́ pẹ́ lọ́nà. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé, “Bùnmi, layover yẹn ò wá pọ̀ jù báyìí?” Bí mo bá ní wákàtí márùn-ún péré ni, wọn á káwọ́ lérí, àfi bí ẹni tí mo ní kó fẹsẹ̀ rìn dé Èkó. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Uncle Tàjú fi yà mí lẹ́nu lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n kọ́kọ́ wá sílé wa.

Ọ́fíìsì kan ní Markham, lẹ́bàá Toronto, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ oṣù. Èmi ni mò ń ṣírò owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì títà ni mo fi ń tì í lẹ́yìn, orí tábìlì tí a ti ń jẹun nínú condo wa ní North York sì ni ṣọ́ọ̀bù mi. Kí n má purọ́, kì í ṣe èrè rẹ̀ nìkan ló mú mi dúró sídìí iṣẹ́ náà. Ọ̀fíntótó ni mí. Mo fẹ́ràn láti mọ ibi tí èèyàn ń lọ, ẹni tó ń lọ bá, àti ohun tó fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Ọkọ mi, Ṣẹ́gunfúnmi, máa ń sọ pé ká ní wọ́n ń sanwó fún ìtọpinpin ni, à bá ti kúrò nínú condo. Èsì mi fún un ni pé ẹni tó bá ń béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Yìnyín ń bọ́ lọ́jọ́ náà. Uncle Tàjú bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbọn fìlà wọn, wọ́n sì rọra jókòó sétí àga bí ẹni tó ń dúró de dókítà. Tàjúdéènì lorúkọ wọn gan-an. Olùkọ́ ìṣirò ni wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Scarborough, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ mi ló júwe mi fún wọn.

“Bùnmi, mo fẹ́ lọ sílé lóṣù tó ń bọ̀,” ni wọ́n wí. “Ìsẹ́yìn ni mò ń lọ. A fẹ́ ṣe àdúà ọdún kẹwàá bàbá wa. Ọ̀nà Frankfurt ni mo fẹ́ gbà.”

“Kò burú, sà. Layover ibẹ̀ ò pọ̀. Ẹ máa balẹ̀ láàárọ̀, flight ti Lagos á sì gbéra kí ọ̀sán tó pọ́n.”

“Rárá o. Èyí tó pọ̀ ni mo fẹ́. Bá mi wá èyí tí màá fi sùn síbẹ̀ mọ́jú.”

Mo gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà. “Sà?”

“Èyí tó pọ̀ jù lọ tí wọ́n bá ní.”

Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi gbogbo ọ̀sán àti òru ṣe ní Frankfurt. Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ rí ìlú ni. Ẹni tó fẹ́ rí ìlú kì í fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà mú lórí orúnkún bẹ́ẹ̀ yẹn. Ọkàn mi ti ń sáré kiri. Ṣé obìnrin kan ló wà níbẹ̀ ni? Ṣé ọmọ kan ni wọ́n bí síbẹ̀ tí ará ilé ò mọ̀? Mo tún bi wọ́n bóyá wọ́n ní ojúlùmọ̀ lọ́hùn-ún. Dípò kí wọ́n dáhùn, wọ́n dìde, wọ́n ní kí n fi ibi tí àwọn ti lè ṣe àlùwàlá han àwọn, pé ìrun ọ̀sán ti tó.

Ọmọ mi Ìfẹ́, tó ń kàwé lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú, dúró títí wọ́n fi wọ balùwẹ̀. “Mummy, stop interrogating the poor man.”

“Ta ló ń interrogate ẹ̀? Ṣebí mò ń ta ọjà ni?”

Nígbà tí wọ́n kírun tán, mo gba páálí ìrìnnà wọn. Aláwọ̀ ewé ni, ti Nàìjíríà, wọ́n sì fi káàdì ìgbélùú Kánádà sáàárín rẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá wọn ò tíì gba páálí Kánádà. Wọ́n ní àwọn ti béèrè, ìjọba ò tíì pe àwọn wá búra. Mo wo káàdì, mo wo páálí, mo wo ojú wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dí.

“Uncle, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. PR card yìí máa jẹ́ kí ẹ gba Frankfurt kọjá láìsí transit visa. Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n inú airport lẹ máa wà o. Ẹ ò lè jáde.”

“Kí n má jáde bí ti báwo? Wọn ò ní fún mi ní hotel tí mo máa sùn?”

“Hotel ọ̀hún, ìta ló wà. Kí ẹ tó dé ìta, ẹ máa kọjá lọ́dọ̀ àwọn tó ń wo páálí. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá lọ́dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ ní Schengen visa, ì báà jẹ́ pé ó kàn fẹ́ lọ mu omi níta kó padà ni.”

“Ká wá gba visa nígbà yẹn.”

A jọ wò ó. Kò sí ọjọ́ kankan tó ṣófo tí wọ́n lè fi lọ béèrè físà ọ̀hún ní Toronto, àfi lẹ́yìn tí àdúà bá ti kọjá. Mo yí ojú kọ̀ǹpútà sí wọn kí wọ́n fúnra wọn rí i. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn pẹ́, wọ́n yọ jígí ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n sì tún wò ó.

“Bùnmi,” ni wọ́n wí lẹ́yìn náà, ohùn wọn ti rẹlẹ̀. “Ẹni tó wà níta ńkọ́? Ṣé ó lè wọlé wá bá mi níbẹ̀?”

Mo fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Mo fa àga mi sún mọ́ wọn.

“Uncle, ta ló wà níta?”

Ẹ̀gbọ́n wọn ni. Hàlímátù lorúkọ rẹ̀. Ìyá wọn kú nígbà tí Uncle Tàjú ò tíì lè dá aṣọ wọ̀, Hàlímátù ló pọ̀n wọ́n, òun ló mú wọn lọ sílé ìwé, òun ló ń nà wọ́n nígbà tó bá yẹ. Ó lọ́kọ, ó bá ọkọ lọ sí Jámánì. Ọkọ kú, òun ò padà wálé. Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń pe bàbá wọn lórí fóònù, títí ilẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan fi mọ́ tí bàbá ò jí.

“Wọ́n pè mí,” ni Uncle Tàjú wí. “Wọ́n ní, ‘Àkànjí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí. Mo ti wà ní airport ní Frankfurt. Lọ́la ni mo máa dé.’ Àwọn àgbà ìdílé ní rárá, pé a kì í fi òkú Mùsùlùmí sùn. Alfa náà ní rárá. Ṣùgbọ́n èmi lọmọ ọkùnrin, Bùnmi. Èmi ni wọ́n yíjú sí. Èmi ni mo ní kí wọ́n máa gbé bàbá lọ.”

Nígbà tí wọ́n sin bàbá tán ni wọ́n tó pe Hàlímátù. Ó gbọ́, ó gbé báàgì rẹ̀ láti ibi tó jókòó sí nínú pápákọ̀ òfurufú náà, ó sì padà sílé. Látìgbà náà ló ti búra pé òun ò ní tẹ ilẹ̀ Nàìjíríà mọ́. Ó ti nọ́ńbà Uncle Tàjú pa. Gbogbo ẹbí tó bá wọn dá sí i, èsì kan náà ló ń fún wọn: àbúrò ló ń wá bá ẹ̀gbọ́n. Bí Àkànjí bá ní ohun tó fẹ́ sọ, kó wá dọ̀bálẹ̀ nílé òun. Uncle Tàjú béèrè físà Jámánì lẹ́ẹ̀kan nígbà tí wọ́n ṣì wà ní Nàìjíríà, wọn ò fún wọn.

“Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ nìkan ló ń gbé mi lọ,” ni wọ́n tún wí. “Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ikú bàbá, wọ́n rán mi níṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò tíì jẹ́ iṣẹ́ náà.”

“Kí ni wọ́n ní kí ẹ sọ?”

Uncle Tàjú wò mí. “Wọn ò rán mi sí ọ, Bùnmi.”

Ìfẹ́ fi ìwé bo ojú, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé wọn ò lè fi iṣẹ́ náà rán ẹlòmíì ni, tàbí kí wọ́n fi ohùn wọn ránṣẹ́ láti orí fóònù ẹlòmíì. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, pé iṣẹ́ tí òkú bá rán èèyàn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi fóònù sọ. Inú bí mi sí ẹ̀gbọ́n tí mi ò rí rí yìí. Kí ló dé tí èèyàn máa fìyà jẹ àbúrò tó pọ̀n dàgbà báyìí? Bẹ́ẹ̀, kí n sọ òtítọ́, inú bí mi sí àwọn àgbà ìdílé náà. Ọjọ́ kan ṣoṣo lobìnrin yẹn tọrọ.

Uncle Tàjú ra tíkẹ́ẹ̀tì náà bó ṣe wà, pẹ̀lú ìdúró gígùn rẹ̀ nínú pápákọ̀. Mo ní kí wọ́n rò ó dáadáa, pé orí àga ni wọ́n máa sùn, kò sì sí ẹni tí wọ́n máa rí níbẹ̀.

“Mo mọ̀,” ni wọ́n wí, wọ́n ń wọ bàtà wọn padà. “Ṣùgbọ́n màá sún mọ́ wọn ju bí mo ṣe wà níhìn-ín lọ.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó jáde, mo ti gba nọ́ńbà Hàlímátù lọ́wọ́ wọn. Ṣẹ́gunfúnmi ní kí n má pè é, pé ìjà ẹbí dà bí iná ààrò, ẹni tí kò bá dá a kì í ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo ní mo ti gbọ́. Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ kejì, mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo pè é.

“Hallo?” Ohùn àgbà obìnrin ni, ó le.

“Ẹ káalẹ́ o, Auntie. Bùnmi lorúkọ mi. Mò ń pè láti Toronto. Tíkẹ́ẹ̀tì ni mò ń tà.”

“Mi ò lọ síbì kankan.”

“Ọ̀rọ̀ Uncle Tàjú ni, mà. Àbúrò yín.”

Mo gbọ́ tí wọ́n pa tẹlifíṣàn. “Àkànjí ló rán ọ?”

“Wọn ò rán mi, mà. Ẹnu mi ló rán mi.”

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, bí àbúrò wọn ṣe ń bọ̀ ní Frankfurt, tí yóò sùn síbẹ̀, tí ìwé ò sì jẹ́ kó lè jáde. Wọ́n gbọ́ mi títí dópin, lẹ́yìn náà ni wọ́n mú orin wọn bọnu. Àbúrò ló ń wá bá ẹ̀gbọ́n. Mo ní òfin ni kò jẹ́ kí wọ́n wá. Wọ́n ní kó gba físà. Mo ní àyè ò sí. Wọ́n ní kó dúró dìgbà tí àyè bá wà.

Ibẹ̀ ni sùúrù mi ti tán. “Auntie, ọdún kẹwàá rèé! Ìgbà wo ni àyè tún fẹ́ wà? Bàbá yín rán wọn níṣẹ́ sí yín kó tó di pé wọ́n kú, ọkùnrin yẹn ń gbé iṣẹ́ náà kiri láti ìlú dé ìlú.”

Mo rò pé wọ́n ti gé fóònù. “Iṣẹ́ wo?”

“Wọn ò sọ fún mi, mà.”

“Ìwọ ò bi í?”

“Mo bi wọ́n! Wọ́n ní wọn ò rán àwọn sí mi.”

Ohun kan jáde lẹ́nu wọn, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ikọ́. “Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti kékeré. Àkànjí, afọ̀rọ̀síkùn.” Wọ́n gé fóònù lóòótọ́.

Mo ti gbà pé ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ náà tó tán, bí mo ṣe ń jẹun ọ̀sán nínú ọ́fíìsì, fóònù mi dún. Nọ́ńbà Jámánì ni. Wọn ò tilẹ̀ kí mi.

“Ibi tó máa wà yẹn, báwo lèèyàn ṣe ń wọ̀ ọ́?”

Mo gbé ṣíbí sílẹ̀, mo sáré lọ sí ẹ̀bá àtẹ̀gùn tí ẹnikẹ́ni ò ti lè gbọ́ mi. Mo ní ẹni tí kò rìnrìn-àjò kì í débẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn wọlé lọ kí àlejò kó sì jáde. Àfi ẹni tó bá ní tíkẹ́ẹ̀tì tó ń gbé e jáde kúrò nílẹ̀ Yúróòpù, tí wọ́n wo páálí rẹ̀ tán tí wọ́n ní ó dàbọ̀, ló lè dé ibi tí Uncle Tàjú máa wà. Ibẹ̀ kì í ṣe Jámánì mọ́ fún ẹni tó ń jáde, kò sì tíì di Jámánì fún ẹni tó ń kọjá.

“Kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ síbo?”

“Ibi tí wọn ò ti ní béèrè visa lọ́wọ́ yín, mà. Páálí wo lẹ ní? Ti Jámánì?”

“Ti Nàìjíríà.”

Ó yà mí lẹ́nu. “Ẹ ò gba tiwọn látọjọ́ yìí?”

“Mi ò gbà á. Káàdì ìgbélùú wọn ni mo ní.”

“Páálí náà ò tíì kú, mà?”

“Báwo ló ṣe máa kú? Ìgbà tó bá ti fẹ́ kú ni mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ẹ́ḿbásì ní Berlin lọ sọ ọ́ di ọ̀tun.”

Ẹnu ń yún mi. Ẹni tó búra pé òun ò ní tẹ ilẹ̀ Nàìjíríà mọ́, kí ló ń fi páálí Nàìjíríà tuntun ṣe? Ọkọ̀ ojú irin dé Berlin, ìlà gígùn, ìwọ̀sí àwọn tó jókòó sídìí fèrèsé, nítorí kí ni? Mo gé ètè mi jẹ. Mo mọ̀ pé bí mo bá bi wọ́n, wọ́n á gé fóònù.

“Ṣé Nàìjíríà ni kí n wò fún yín, mà?”

“Mi ò lọ Nàìjíríà.”

“Ó dáa. Kọ̀tọ̀nú ńkọ́? Accra ńkọ́? Wọn kì í béèrè visa lọ́wọ́ wa níbẹ̀.”

“Accra dáa. Ṣùgbọ́n kò tọ́. Èmi ẹ̀gbọ́n ni kí n dìde lọ bá a? Wọ́n á gbọ́ ọ n’Ísẹ́yìn pé Hàlímátù ló lọ kí àbúrò rẹ̀.”

Mo fara ti ògiri. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ìdí tí èèyàn ò fi lè rìn, mi ò tíì gbọ́ irú èyí. Síbẹ̀, ó yé mi. Èmi náà lẹ́gbọ́n ní Ìbàdàn tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà kí kí n tó lè sọ ẹrù mi kalẹ̀.

“Auntie,” mo ní, “ẹ ò lọ bá wọn. Accra lẹ̀ ń lọ ní tiyín. Èkó ni wọ́n ń lọ ní tiwọn. Bí èèyàn méjì bá pàdé lójú ọ̀nà, ta ló lọ kí ta nínú wọn?”

Mo gbọ́ tí wọ́n fa àga kan jókòó.

“Accra ni mò ń lọ,” ni wọ́n wí, bí ẹni tó ń tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́nu. “Bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì Accra. Lọ́jọ́ tí Àkànjí bá dé, kó jẹ́ ti ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ sọ fún un. Mo lè yíwọ́ padà lẹ́nu ọ̀nà.”

Ẹ wo ìyà tí wọ́n fi jẹ mí! Èmi tí mi ò lè fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ẹni tí a jọ wọ subway. Láti ọjọ́ náà títí dìgbà tí Uncle Tàjú fi rìn, mi ò gbé fóònù wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí n má bàa tú u síta. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa lọ, èmi àti Ṣẹ́gunfúnmi la fi mọ́tò gbé wọn dé pápákọ̀ Pearson. Wọ́n wọ fìlà tuntun. Wọ́n ní bí ẹ̀gbọ́n àwọn ò tilẹ̀ ní rí i, ó yẹ kí àwọn múra bí ẹni tó dé ìlú tí ẹ̀gbọ́n àwọn wà.

“Uncle, iṣẹ́ yẹn,” mo ní, nígbà tí a ń sọ ẹrù kalẹ̀. “Ẹ kúkú sọ ọ́ fún mi, bóyá—”

“Bùnmi!” ni ọkọ mi pariwo.

Uncle Tàjú rẹ́rìn-ín, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n sì wọlé lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo débi iṣẹ́, mo gbé fóònù sórí itan. Bó bá jẹ́ àárọ̀ ni lọ́dọ̀ wa, ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ wọn. Uncle Tàjú ti balẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì Accra wà lójú kọ̀ǹpútà mi, ó ń wò mí, kò sì sí ọ̀nà tí mo fi lè mọ̀ bóyá ẹni tó ni ín ti kúrò nílé. Mo fi iye owó oṣù ẹnìkan sí orúkọ ẹlòmíì, mo tún un ṣe, mo tún ṣe àṣìṣe mìíràn. Bí Hàlímátù ò bá dé, Uncle Tàjú á sùn lórí àga yẹn mọ́jú, wọ́n á gbé iṣẹ́ bàbá wọn dé ojú sàréè bàbá, wọ́n á sì tún gbé e padà wá sí Scarborough.

Fóònù dún. Uncle Tàjú ni.

“Bùnmi, o mọ̀!” Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. “O mọ̀, o ò sọ fún mi!”

Wọ́n sọ fún mi bó ṣe ṣẹlẹ̀. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti jókòó sí àga tó kọjú sí ibi tí àwọn èèyàn ti ń gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wo páálí wọlé, nítorí kò sí ibòmíràn tó tún sún mọ́ ìta jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n kàn ń wo àwọn tó ń wọlé ni. Bí wọ́n ṣe rí ìyá arúgbó kan nìyẹn, ó wọ kóòtù dúdú, ó so gèlè kékeré, ó ń fi ẹsẹ̀ òsì tiro díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní ìrìn ìyá àwọn ni, ìyẹn tí wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rántí ojú rẹ̀ mọ́. Wọn ò mọ ìgbà tí wọ́n dìde. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé àyà wọn ti wà nílẹ̀, wọ́n ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sójú ilẹ̀ dídán yẹn, fìlà tuntun ti ṣí dànù.

Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sáré dé. Wọ́n rò pé bàbá yìí ti dákú ni. Ẹnìkan di ọrùn ọwọ́ wọn mú, ó ń wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù, ẹlòmíì ń pe àwọn onítọ̀jú pàjáwìrì. Wọ́n ní kí Uncle Tàjú dìde, Uncle Tàjú ò dìde, nítorí ẹ̀gbọ́n ò tíì ní kí wọ́n dìde. Hàlímátù ló bá wọn fi èdè Jámánì sọ ọ́. Ó ní ara rẹ̀ le koko. Ó ní àbúrò òun ni, ó ń kí òun ni. Wọ́n ní ṣé bí wọ́n ṣe máa ń kíra wọn nìyẹn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti jẹ òun ní ìkíni yìí ó pẹ́, kí wọ́n jẹ́ kó san án.

“Má pa fóònù o,” ni Uncle Tàjú wí. “Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀.”

Mo gbọ́ ariwo ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ń pe orúkọ àwọn ìlú lẹ́yìn wọn. Lẹ́yìn náà ni ohùn líle yẹn dé, ṣùgbọ́n kò le mọ́.

“Bùnmi.”

“Auntie, ẹ kú orí ire. Ẹ ti ríra yín.”

“A pàdé lójú ọ̀nà ni,” ni wọ́n wí. “Accra ni mò ń lọ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Accra ni.” Mo gbìyànjú láti pa ẹnu mọ́. Ọlọ́run rí mi, mo gbìyànjú. “Auntie, iṣẹ́ yẹn ńkọ́?”

Mo rò pé wọ́n máa bú mi. Wọn ò bú mi.

“O mọ̀ pé orí bàbá wa ti ń gbàgbé nǹkan nígbà náà,” ni wọ́n wí. “Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, abọ́ kan náà ni èmi pẹ̀lú wọn fi ń jẹun alẹ́. Wọn kì í bu òkèlè kan tí mi ò bá tíì jókòó. Àkànjí ní lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn gbé oúnjẹ síwájú wọn, wọn ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní, ‘Hàlímá dà? Àkànjí, lọ pè é wá. Sọ fún un pé oúnjẹ ti délẹ̀, mò ń dúró dè é.’ Àwọn bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní wọ́n ń dúró dè mí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sùn.”

Omijé ti bọ́ sórí ìwé iṣẹ́ tó wà níwájú mi, mi ò sì bi wọ́n mọ́ ìdí tí wọ́n fi ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sọ páálí dọ̀tun ní Berlin.

“Èmi tí mò ń rò pé kò sẹ́ni tó dúró dè mí,” ni Auntie wí. Wọ́n fọn imú wọn. “Bùnmi, bá mi yí tíkẹ́ẹ̀tì yìí padà. Èkó ni mò ń lọ.”

“Ẹ mú aṣọ dání, mà?”

“Báàgì ọwọ́ ni mo mú. Kò sí aṣọ n’Ísẹ́yìn ni?”

Ọ̀gá mi yọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó ní gbogbo èèyàn ti jókòó sí ìpàdé, èmi ni wọ́n ń retí. Ó rí ojú mi. Mo na ọwọ́ sí i. “Five minutes, please. Family emergency.” Ó fa ilẹ̀kùn padà.

Mo yọ orúkọ Hàlímátù kúrò nínú ọkọ̀ Accra, mo wá àyè fún wọn nínú ti Èkó tó máa gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ní ẹ̀gbẹ́ àbúrò wọn. Mo ní kí wọ́n fara dà á, pé àwọn méjèèjì jọ máa sùn lórí àga mọ́jú. Wọ́n ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, pé àwọn ti jọ sùn lórí ẹní kan rí. Mo wá bi wọ́n pé ta ni kí n fi sí ẹ̀bá fèrèsé nínú àwọn méjèèjì.

“Irú ìbéèrè wo nìyẹn?” ni Auntie wí. “Ṣebí èmi lẹ̀gbọ́n.”